Ẹ Yé Fi Líǹkì Orí Fóònù Dá Ẹsẹ̀ Aṣiwèrè Mọ̀

Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni líǹkì kan ti ń lọ tó ń bọ̀ lórí WhatsApp àwọn kíláàsì wa. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ yóò dáhùn ìbéèrè mélòó kan, fóònù yóò ṣírò wọn, yóò sì gbé èsì jáde: o ní autism níwọ̀nba, tàbí o ní schizotypy níwọ̀nba, tàbí o ní méjèèjì. Àwọn ènìyàn ń gbé èsì wọn sórí status bí ẹni gbé fọ́tò ọjọ́ ìbí síbẹ̀. Eré ni, a ò bá eré jà. Ohun tó mú wa kọ̀wé ni pé eré ti kúrò lára ẹni tó ń ṣe é, ó ti bọ́ sára ẹni tí kò sí níbẹ̀. Akẹgbẹ́ wa kan tó máa ń dá jẹun ti di "autism" lẹ́nu àwọn ará họ́sítẹ́ẹ̀lì. Òmíràn tó máa ń dá sọ̀rọ̀ bó bá ń kàwé ti di "schizo". Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti pààrọ̀ orúkọ àwọn méjèèjì fún ara wọn, kò sì sẹ́ni tó fura pé ohunkóhun yí padà.

Àìfura yẹn la fẹ́ bá jà. Lóòótọ́ ni àmì ìwà autism àti ti schizotypy fara kan ara wọn láàárín àwùjọ, àwọn onímọ̀ kò parọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti fara kan ara wọn ni ibi tí ojú ará ìta lè rí: ẹni tí kì í bá èrò ṣe, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í tètè yọ lẹ́nu rẹ̀, ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò pé méjì. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ wà nínú lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ló ṣe pàtàkì, ibẹ̀ náà sì ni líǹkì yẹn kò lè dé, pàápàá nígbà tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá ló ń dáhùn.

Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ ká tú u díẹ̀. Autism kì í ṣe ohun tí ènìyàn kó níbì kan. Bí ọpọlọ ẹni ṣe ń ṣiṣẹ́ láti kékeré ni. Ìbáṣepọ̀ àti ọ̀rọ̀ tó fara pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ máa ń nira fún ẹni tó ní in, ó máa ń fẹ́ kí nǹkan lọ bó ṣe máa ń lọ, ariwo tàbí iná lè pọ̀ jù fún un, ó sì lè di ohun kan ṣoṣo mú tí kò ní fi í sílẹ̀ títí yóò fi mọ ìdí rẹ̀ dé gbòǹgbò. Schizotypy ní tirẹ̀ jẹ́ àkójọ ìwà àti ìrírí: ìfura sí ènìyàn, rírí ìtumọ̀ níbi tí àwọn yòókù kò rí nǹkan kan, gbígbọ́ tàbí rírí ohun tó ṣòroó ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ tó ń rìn gbéregbère, àti ìyara-ẹni-sọ́tọ̀. Tirẹ̀ kò jìnnà sí ìdílé àìsàn tí wọ́n ń pè ní schizophrenia, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní díẹ̀ lára rẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n ń bímọ tí ẹnikẹ́ni kò sì pè wọ́n ní nǹkan kan. Àwọn orúkọ náà, a fi wọ́n sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀.

Kì í ṣe àwọn ará họ́sítẹ́ẹ̀lì ló kọ́kọ́ da àwọn méjèèjì pọ̀. Eugen Bleuler, dókítà ọpọlọ ará Switzerland, ni ó dá ọ̀rọ̀ náà "schizophrenia" sílẹ̀ ní 1908, òun kan náà ló sì dá "autism" sílẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀ sí i. Ohun tó fi "autism" pè nígbà náà ni bí alárùn schizophrenia ṣe máa ń kó wọ inú ara rẹ̀ lọ tí á pa ilẹ̀kùn mọ́ ayé. Ẹ ò rí i: inú ilé kan náà ni wọ́n ti sọ àwọn méjèèjì lórúkọ. Ní 1925, obìnrin dókítà kan ní Moscow, Grunya Sukhareva, kọ̀wé nípa àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà tí àpèjúwe wọn bá ohun tí a ń pè ní autism lónìí mu rẹ́gí, ṣùgbọ́n orúkọ tó fi pè é ṣì wá láti ìdílé schizo. Leo Kanner kọ tirẹ̀ nípa àwọn ọmọ mọ́kànlá ní Baltimore ní 1943, Hans Asperger kọ tirẹ̀ ní Vienna ní 1944. Síbẹ̀síbẹ̀, nígbà tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà tẹ ẹ̀dà kejì ìwé tí wọ́n fi ń pín àìsàn sí ìsọ̀rí jáde ní 1968, abẹ́ schizophrenia àwọn ọmọdé ni wọ́n ṣì fi àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sí. Ó di 1980, nínú ẹ̀dà kẹta, kí autism tó ní ojúlé tirẹ̀. Inú ẹ̀dà yẹn náà ni schizotypal ti kọ́kọ́ di orúkọ ìsọ̀rí kan láàárín àwọn ìwà tó ń dènà ìgbé ayé ẹni.

Nítorí náà, ó gba àwọn tó kàwé jù wá lọ ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún láti ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ìdí nìyí tó fi ń dùn wá pé líǹkì oníṣẹ́jú mẹ́ta ti tún dì wọ́n pọ̀ sínú àpò kan.

Ibo wá ni líǹkì ọ̀hún ti ṣẹ̀ wá? Ìwé ìbéèrè méjì gidi ló wà lẹ́yìn àwọn tó ń rìn kiri báyìí, bí ẹni tó gé wọn kúrú kò tilẹ̀ dárúkọ wọn. Àkọ́kọ́ ni èyí tí Simon Baron-Cohen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Cambridge ní 2001, tí wọ́n ń pè ní AQ. Àádọ́ta gbólóhùn ló ní. Wọ́n fún àwọn àgbà tí dókítà ti sọ pé wọ́n ní autism, wọ́n fún àwọn ará ìlú lásán, wọ́n fún 840 akẹ́kọ̀ọ́ Cambridge, wọ́n tún fún 16 lára àwọn tó gbégbá orókè nínú ìdíje ìṣirò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú àwọn tó ní autism, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba 32 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwọn ará ìlú lásán, ìdá 2 péré ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì sì gba máàkì ju àwa ẹlẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà lọ. (Ẹ̀yin ará òdìkejì ọgbà, ẹ má bínú. Àwa náà ò mọ́: ìsọ̀rí kan wà nínú ìwé náà fún àwọn tí nǹkan kékeré kì í fò lójú wọn, ẹni tó bá sì ti bá wa jiyàn àmì ohùn lórí fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ní aago méjìlá òru yóò yege níbẹ̀ pátápátá.) Àwọn tó ṣe ìwé náà fúnra wọn sọ pé kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni yóò fi sọ pé lágbájá ní autism. Asẹ́ lásán ni, tí yóò fi ẹni tó yẹ kó lọ rí dókítà hàn.

Èkejì jẹ́ ti Adrian Raine, tó jáde ní 1991, tí wọ́n ń pè ní SPQ. Ìbéèrè 74 ni, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí a pín sí ìsọ̀rí mẹ́sàn-án. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni Raine náà fi dán an wò. Nígbà tí wọ́n wá pe àwọn tí máàkì wọn wà ní ìdá mẹ́wàá tó ga jù jókòó tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò dáadáa, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀ràn wọn bá orúkọ náà mu. Ẹ tún un kà. Nínú àwọn tó ga jù lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí kò ní nǹkan kan tí dókítà lè fún lórúkọ. Kí la wá fẹ́ sọ nípa ẹni tó wà láàárín méjì?

Òwe àwọn àgbà kan wà tí gbogbo wa mọ̀ délẹ̀: orí burúkú kì í wú tuulu, a kì í dá ẹsẹ̀ aṣiwèrè mọ̀ lójú ọ̀nà. Ìmọ̀lára tiwa ni pé òwe yẹn mọ ohun tí ìṣirò mọ̀. Àmì wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí àwọn kan ní tí àwọn yòókù kò ní. Bí gíga ni. Gbogbo wa la ga níwọ̀n kan, ojú ọ̀nà kan náà la sì jọ ń tẹ̀.

Nígbà tí àwọn olùwádìí wá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan náà ní ìwé méjèèjì pọ̀, ohun tí wọ́n rí kò ya ẹni tó bá ti gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì rí lẹ́nu. Ẹni tó gba máàkì gíga níbi àìlè-bá-ènìyàn-ṣe nínú ìwé kan sábà máa ń gbà á nínú èkejì, nítorí pé àwọn ìbéèrè náà jọra: ọ̀rẹ́ kò pọ̀, ẹ̀rù àwùjọ, ojú tí kì í túká. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ìyẹn kúrò, tí a wo ìsọ̀rí ìrírí àràmàǹdà àti ìgbàgbọ́ nínú ohun abàmì, okùn náà rọ̀, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ yí sẹ́yìn. Àwọn kan ní Kánádà ṣe irú iṣẹ́ yìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013, ọ̀nà méjì ló sì yọ sí wọn lọ́wọ́: ọ̀nà kan tí autism àti schizotypy jọ ń tọ̀, tí í ṣe ti ìbáṣepọ̀, àti ọ̀nà kejì tí wọ́n ti kẹ̀yìn síra wọn.

A fẹ́ dúró lórí ọ̀nà kejì yìí díẹ̀, nítorí pé oko tiwa ló gbà kọjá.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ẹ wo ohun tí òwe yìí ń béèrè lọ́wọ́ olùgbọ́. Ó ní kó fi inú ara rẹ̀ parí ohun tí ẹnu olùsọ kò parí. Ìdajì iṣẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ nílẹ̀ Yorùbá wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́. Ẹni tó ní àmì autism púpọ̀, ibẹ̀ gan-an ló ti ń kọsẹ̀. Ìdajì tí wọ́n fún un ló gbà, ìdajì náà ló sì dáhùn. Bí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ní, "Ilẹ̀ mà ti ń ṣú o, ṣé àwọn tó wà nílé kò ní máa wá ọ?" yóò ní rárá, wọ́n mọ ibi tí mo wà, yóò sì jókòó. Bí wọ́n bá ní, "O ò ṣe kúkú jẹ ti ẹ̀gbọ́n rẹ mọ́ ọn?" yóò jẹ ẹ́. Wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Àwọn tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run á ní kò gbọ́n. Bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n sọ ló gbọ́.

Ẹni tó ní àmì schizotypy púpọ̀ wà ní òdìkejì odò. Wọn ò tíì sọ ìdajì tó fi ti di odindi lọ́wọ́ tirẹ̀. Ẹni méjì ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà: òun ni wọ́n ń rín. Lẹ́kítúrà wúkọ́ nígbà tó wọlé: àmì ni. Orin tí ọlọ́kadà ń gbọ́ kọjá lọ bọ́ sákòókò ohun tó ń rò lọ́kàn, kò sì gbà pé ó kàn ṣe kòńgẹ́. Ọ̀kan kò gbọ́ ohun tí wọ́n fi pamọ́ sínú ọ̀rọ̀. Èkejì ń gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi síbẹ̀. Bó bá pẹ́, àwọn méjèèjì á dákẹ́. Ọ̀kan dákẹ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ ènìyàn ń rẹ̀ ẹ́, èkejì dákẹ́ nítorí pé ó ń ṣọ́ra fún ènìyàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ìdákẹ́ kan náà lẹ rí, lẹ bá fún un lórúkọ kan.

Bernard Crespi àti Christopher Badcock ló gbé èrò pé àwọn méjèèjì jẹ́ òdì ara wọn jáde gbangba ní 2008. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gbà á, àwa náà ò sì fẹ́ kí ẹ gbé e mì bí oògùn. Bí wọ́n bá jẹ́ òdì ara wọn pátápátá, kò yẹ kí ẹnì kan ní méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ní méjèèjì pọ̀ wà: ó tilẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ní autism ju àwùjọ gbogboogbò lọ kí ẹnì kan ní àìsàn tí í mú ni gbọ́ ohùn tí kò sí. Ohun tí a mú nínú èrò náà kò ju pé ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà ń bàjẹ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ ju ẹyọ kan lọ, àti pé ẹni tí kò bá béèrè "kí ló dé tí o fi dákẹ́?" kò tíì mọ ohunkóhun.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ èdè. Ní sáà tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ẹ̀ka mìíràn gbé irú ìwé ìbéèrè yìí wá sí kíláàsì wa fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, ó ti yí i sí Yorùbá, ó sì fẹ́ kí a dáhùn. Ọmọ dáadáa ni, a ò ní sọ ju ìyẹn lọ nípa rẹ̀. Àmọ́ ìtumọ̀ náà! Ìbéèrè kan fẹ́ mọ̀ bóyá a máa ń rò pé ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ tàbí ohun tí a rí ní àyíká ń bá wa wí ní ìkọ̀kọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wa la mú bẹ́ẹ̀ ni. Kí la fẹ́ mú? Àwa tí wọ́n fi òwe nà dàgbà? Ilẹ̀ tí ìyàwó ilé ti ń gbé orin sẹ́nu níbi tó ti ń fọ abọ́, tí orogún rẹ̀ sì mọ ẹsẹ tó jẹ́ tirẹ̀ nínú orin náà? Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi orúkọ ajá bá aládùúgbò wí? Ẹni tó bá sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la, tó wá ń ké pè é láràárọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín ní kété lẹ́yìn tí ẹ jà, ajá nìkan kọ́ ló ń pè. Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ìbéèrè yẹn nílẹ̀ wa lè jẹ́ ẹni tí etí rẹ̀ mọ́ dáadáa. Ó gba máàkì kan lórí ìfura, àṣà rẹ̀ ló sì gbà á fún.

Òmíràn béèrè bóyá a máa ń yẹra fún wíwo ojú ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Ojú ta ni? Lóòótọ́, ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bá tọ́ dáadáa kì í ranjú mọ́ àgbà. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá ń bá wa sọ̀rọ̀, ilẹ̀ là ń wò. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ wa ni, ojú rẹ̀ là ń wò. Ìbéèrè náà kò mọ ìyàtọ̀. Ó tún béèrè bóyá a ti ní ìrírí ohun tó ju ti ẹ̀dá lọ, bóyá a gbà pé ènìyàn lè mọ ohun tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹni méjì nínú wa ti wá láti ìsọjí alẹ́ àná, tí bàbá ẹnì kan jẹ́ babaláwo, tí ìyá ẹlòmíràn kì í rìnrìn àjò láìtíì rọ́ àlá rẹ̀ fún ẹnì kan! Ìwé àwọn dókítà Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ sọ ọ́ kedere pé ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ kò ká ohun tí à ń wí mọ́ àfi bí kò bá bá àṣà àwùjọ tí ẹni náà ti wá mu. Àlàyé yẹn ló ń dáàbò bo gbogbo ìdílé wa. Òun sì ni ẹni tó ṣe líǹkì kọ́kọ́ gé dà nù.

A tún kíyè sí ohun kan tó lọ sí ọ̀nà òdì. Ìwé náà ka àìmọ̀-ọ́n-kí-ni sí àmì kan. Ó dà bíi pé ìyẹn yóò le fún ẹni tó ní autism nílẹ̀ Yorùbá tí ìkíni kò lópin. Èrò tiwa ni pé ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Ìkíni wa ní òfin: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú èsì tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò lè kọ́ ọ bí ẹni kọ́ ìlọ́po, kó sì mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ. Ìṣòro rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìkíni, níbi tí òfin ti tán. Ìwé tí kò mọ èyí yóò sọ pé ara ẹni náà le koko. Kò sí ohun tí a ṣe ní ẹ̀ka wa tó fi hàn án pé ó ṣìnà.

Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó ṣe é dáadáa rí níbí. Nígbà tí Thomas Adéoyè Lambo ń darí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Arò, Abẹ́òkúta, tí ó ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, òun àti Alexander Leighton pẹ̀lú àwọn ará Cornell lọ sí àwọn abúlé Ẹ̀gbá, wọ́n sì tẹ ìwé wọn jáde ní 1963. Wọ́n bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè ohun tí àwọn fúnra wọn ń pè ní àìsàn ọpọlọ àti orúkọ tí wọ́n ń pè é, wọ́n sì bi àwọn baálẹ̀ léèrè nípa àwọn ènìyàn wọn. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹ fi ìyẹn wé ti Raymond Prince, ará Kánádà, tó wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná mọ́ lórí ìwé, tó sì kọ ọ́ ní 1960 pé "brain fag" ló ń ṣe wọ́n. Orúkọ yẹn wọnú ìwé àwọn dókítà Amẹ́ríkà ní 1994, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nígbà tí ẹ̀dà karùn-ún jáde ní 2013. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni wọ́n fi orúkọ yẹn sọ. Àwa tó yẹ kí a mọ bí ó ti ń rí, àwa la tún wá ń pín orúkọ kiri.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ, wọ́n ti ń sọ ọ́ fún wa: pé líǹkì náà ràn wọ́n lọ́wọ́, pé fún ìgbà àkọ́kọ́ wọ́n rí ọ̀rọ̀ fún ohun tó ti ń ṣe wọ́n láti kékeré. A gbà. Ẹni tó bá ti inú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ṣe ohun tí asẹ́ wà fún. A ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ìwé náà jóná. Ohun tí a ní ni pé ẹni tó ń dáhùn fún ara rẹ̀ mọ ìdí tó fi dákẹ́. Ẹni tó ń dáhùn fún ẹlòmíràn kò mọ̀ ọ́n. Ìdí yẹn ló sì ń pinnu ohun tó yẹ ká ṣe. Ẹni tí ariwo yàrá ẹlẹ́ni mẹ́jọ ń pa lára nílò yàrá tó parọ́rọ́ àti kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún un tààrà. Ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ mẹ́rin, tí ó ti dá a lójú pé àwọn ará yàrá rẹ̀ ń fi nǹkan sí omi òun, nílò dókítà kíákíá, bí ó ti wù kó rí. Bí a bá pààrọ̀ wọn, ẹni àkọ́kọ́ yóò máa mu oògùn tí kò nílò, tàbí kí wọ́n gbé e lọ sórí òkè àdúrà lọ́wọ́ alẹ́. Ẹnì kejì yóò gbọ́ pé "bó ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn, kì í ṣe èrò", títí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ sórí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. À ń fi òwe yìí bá ẹni tó dákẹ́ wí nígbà gbogbo. A kì í fi bá àwọn tó yí i ká wí.

Òwe kan sì wà tí a fẹ́ kí ẹ̀ka wa yé fi ṣe ẹ̀rín: wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. A ti gbọ́ ọ ní kíláàsì lẹ́ẹ̀mẹta ní sáà yìí nìkan, tí gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Òfin Lunacy ti 1958 ni Nàìjíríà ń lò títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ láti fi rọ́pò rẹ̀. Ìjọba tó máa ń pẹ́ dé síbi gbogbo ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa.

Ohun tí a fẹ́ lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ wa kéré. Máàkì tí wọ́n ń fún ẹni tó bá sọ̀rọ̀ jù ní kíláàsì, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ kí ènìyàn lè fi ìwé gbà á. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka mìíràn bá ń túmọ̀ ìwé ìbéèrè sí Yorùbá, kí wọ́n má jẹ́ kí ó dá a ṣe. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú wa bá a jókòó, kí ẹlòmíràn tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tún un yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ká wo ohun tó sọ nù lọ́nà. Èyí tó iṣẹ́ àṣekágbá mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń wá àkọlé.

A ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi tó wà lẹ́yìn ẹ̀ka. Ìdí tí a fi fi orúkọ méjèèjì sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì nìyí: gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a gbé kalẹ̀ ló ní "wèrè" tàbí "ọ̀dẹ̀" nínú, tàbí kó máa rùn ún. Ẹnì kan dábàá "àgbọ́yé ọ̀rọ̀ gán-án", ẹlòmíràn ní ó gùn jù, pé ó sì dà bí orúkọ ọṣẹ. Nínú àwọn ìbéèrè, a ti rí ọgbọ́n dá sí ti ojú wíwò: a pín in sí méjì, ojú àgbà àti ojú ẹgbẹ́. Ti ajá àti orin la ò tíì rí ṣe. A fẹ́ ìbéèrè kan tó lè ya ẹni tí wọ́n ń fi orin bú ní tòótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó rò pé gbogbo orin òun ni wọ́n ń kọ, láìjẹ́ pé a béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tàbí ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí. Ẹ kọ gbólóhùn náà gan-an bí ẹ ṣe máa bi í.